Ohùn Kejì Nínú Àwo Oníkẹ̀kẹ́

Bàbá mi àtàtà, ẹ kú ilé o. Láti Ajégúnlẹ̀ níhìn-ín ni mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí àyà mi kan ilẹ̀, tí mo ní ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lórí wa, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Màmá mi, abiyamọ tòótọ́, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lọ́kùnrin lóbìnrin ní agboolé wa ní Ìlá, mo kí yín tìyìn tìyìn. Fọlákẹ́, aya mi, olùkọ́ tí àwọn ọmọ iléèwé ń bẹ̀rù tí wọ́n sì tún fẹ́ràn, mo kí ọ pẹ̀lú ọpẹ́, nítorí ìwọ ni o dúró ti àwọn òbí mi nígbà tí iṣẹ́ mú mi jìnnà.

Òjò ọdún yìí kò fi bẹ́ẹ̀ gbà wá láyè. Bí ó bá rọ̀ lówùúrọ̀, omi a gba ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀nà, àwọn tírélà a sì tò bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ sàráà. Síbẹ̀, iṣẹ́ ń lọ déédéé. Bí ẹ ti mọ̀, bíbá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní èbúté Apápá ni iṣẹ́ mi, Ọlọ́run sì ti fi ojú rere ènìyàn jíǹkí mi níbẹ̀. Nígbà mìíràn, bí mo bá ń dúró de ìwé àṣẹ, mo máa ń wo àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tí ń lọ sí erékùṣù Snake Island, atẹ́gùn a fẹ́ sí mi lára, èmi náà a sì dúpẹ́. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ó máa ń nira fún mi tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ti jẹun tán, tí èmi àti Fọlákẹ́ sì ti sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù, yàrá a wá dákẹ́ bí ilé ìjọsìn lọ́jọ́ Ajé.

Àwo orin ni ó lé ìdákẹ́jẹ́ náà jáde. Mo bá Gọ́díwìn gba páálí ẹrù kan ní èbúté. Ọmọ Ùròbò tí a bí sí Ajégúnlẹ̀ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Malu Road, láàárín àwọn tó ń lẹ táyà àti àwọn tó ń jó irin. Ènìyàn rere ni, ó lawọ́, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni tí a fi fá lẹ́nu láti kékeré. Àwọn àwo kékeré ló wà nínú páálí náà, orin kan níwájú, orin kan lẹ́yìn, irú èyí tí ẹ̀yin fi jó nígbà èwe yín, tí kò sì wọ́pọ̀ mọ́. Àwọn kan ní òkè òkun ni wọ́n ń wá wọn kiri, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ariwo kúrò lára ohùn wọn, tí wọ́n sì ń tún wọn tẹ̀ ní tuntun. Mo ra ọ̀kan lọ́jọ́ náà. Nísinsìnyí wọ́n ti kún pẹpẹ ìwé mi.

Àwọn tó ń kó ojúlówó àwo àtijọ́ jọ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Gọ́díwìn. Wọ́n ní tèmi dà bí arúgbó tó fi dáì kun irun. Mo dá wọn lóhùn pé tiwọn tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tí wọn kò jẹ́ fi abẹ́rẹ́ kàn, dà bí àlejò tó wọ agbádá tí a kò jẹ́ kó jókòó. Ẹ̀yin náà bi mí léèrè nígbà kan pé kí ni mo ń fi owó ra orin àná ṣe. Bàbá, kò kan owó oúnjẹ yín. Owó tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ń mu bíà ni.

Mo wá fọ́nnu fún Gọ́díwìn lọ́jọ́ kan pé bàbá tèmi kọrin sínú àwo rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni bàbá wọn kọrin rí, kí n mú àwo wá. Mo ní kò sí nílé wa. Mo wá sọ ìtàn orin náà fún un: wúńdíá kan tí ó ra kẹ̀kẹ́, tí gbogbo ọkùnrin ìlú ń sá tẹ̀lé, tí kò sì bojú wẹ̀yìn. Gọ́díwìn kò gbàgbé. Ó wá a títí tí ó fi rí ọ̀kan lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀, èyí tó ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń ta bí ẹ̀pà nínú yanrìn gbígbóná. Ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ ariwo kúrò lára àwo ní òkè òkun. Wọ́n fọ ohùn rẹ̀, wọ́n sì tẹ ẹyọ kan fún wa láti gbọ́ wò. Wọ́n ní àwọn kò ní tẹ èyí tí àwọn yóò tà, àfi bí àwọn méjèèjì tó kọ ọ́ bá fọwọ́ sí i.

Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní ẹ kò ní fọwọ́ sí ohun tí orúkọ yín àti ti Músílíù yóò jọ wà lórí rẹ̀. N kò jiyàn. Láti kékeré ni mo ti mọ ìtàn náà. Ẹ̀yin méjì jọ jẹ́ àpọ́n ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin ni ẹ ń dá orin, òun ni ó ń gbè é. Ní àná ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbohùn sílẹ̀, ẹ jà lórí orúkọ ẹni tí yóò ṣáájú lára àwo. Nígbà tí àwo sì jáde, ní ẹsẹ tó kẹ́yìn, níbi tí ẹ ti ń bi wúńdíá náà léèrè ibi tí ó ń lọ, tí ó yẹ kí Músílíù dáhùn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìdáhùn. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ń béèrè, tí ẹ tún ń béèrè. Àwọn ọ̀rẹ́ ní ẹ ń bá ara yín sọ̀rọ̀ bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ó dùn yín, ẹ sì ń wí fún gbogbo ènìyàn pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹnu dé ni láti dójú tì yín. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà yín ṣe pín.

Mo lọ kí Músílíù fúnra wọn, Bàbá Músílíù ni mo ń pè wọ́n, ní Olódì-Apápá. Ẹ má bínú. Ẹ̀kọ́ ilé tí ẹ kọ́ mi kò jẹ́ kí n gbọ́ pé ọ̀rẹ́ èwe bàbá mi wà nítòsí, kí n má lọ dọ̀bálẹ̀. Mo gbé àwo náà, tí èmi pàápàá kò tíì gbọ́, àti ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ àwo dání. Télọ̀ ni wọ́n, aṣọ iléèwé ni wọ́n sì ń rán títí dòní. N kò tíì sọ orúkọ mi tí wọ́n fi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní irú orí báyìí, ẹnìkan péré ni àwọn mọ̀ tó ní in, fìlà méjì ni àwọn sì bà jẹ́ kí àwọn tó rí èyí tó gbà á. Wọ́n pè yín ní Bọ̀ọ̀dá, wọ́n béèrè bóyá ẹ ṣì máa ń rẹ́rìn-ín àpárá yín kí ẹ tó dá a tán. Mo ní ẹ kò tíì jáwọ́. Wọ́n ní kí n jókòó.

Mo gbé àwo sí i. Nígbà tí ẹsẹ tó kẹ́yìn dé, mo gbọ́ ohùn yín tí ó ń béèrè. Lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá mi, mo gbọ́ ìdáhùn. Kò lágbára, ó dà bí ohùn ẹni tó wà ní yàrá kejì, ṣùgbọ́n ó pé pérépéré, ọ̀rọ̀ kan kò jábọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ béèrè ni ó dá yín lóhùn. Ariwo tó wà lára àwo láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ni ó bò ó mọ́lẹ̀.

Mo béèrè ìdí tí ohùn náà fi jìnnà. Bàbá Músílíù ká téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ mọ́ ìka. Wọ́n wá ní makirofóònù kan ṣoṣo ni a gbé fún ẹ̀yin méjèèjì, a sì ní kí ẹ dúró ní ejìká sí ejìká. Ní ẹsẹ tó kẹ́yìn, orin wọ̀ yín lára, ẹ sún síwájú, ejìká yín tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn sì gba gbogbo ojú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ì bá tì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni yín, ìjà àná sì ṣì gbóná. Àwọn kò sì jẹ́ dúró máa mí sí àgbà lọ́rùn. Ni àwọn bá sún sẹ́yìn fún ọ̀wọ̀ yín, tí àwọn sì ń dáhùn láti ibẹ̀.

Mo ní kí ló dé tí wọn kò ṣàlàyé. Wọ́n ní àwọn wá sí ilé yín, ẹ ní kí a sọ fún àwọn pé ẹ kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń gbọ́ ohùn yín láti ìta. Wọ́n ní ohùn yín kò ṣe é fi pamọ́ sí yàrá. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n tún ẹsẹ náà gbé sí i.

Bàbá, n kò kọ èyí láti dá yín lẹ́jọ́. Ohun tí etí yín gbọ́ ni ẹ sọ. Ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ mọ́ wọn. Màmá ni mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀. Àwọn ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé yóò ti kà á, nítorí ẹni tí a bú lójú ọjà, a kì í yìn ín nínú ìyẹ̀wù.

Àwo náà àti ẹ̀rọ rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ Fọlákẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbé e sí i fún yín nígbà tí àdúgbò bá rọlẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, tí ẹ kò sì fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún títà, mo fara mọ́ ọn. Ohun mìíràn ni mo ń bẹ̀ yín fún. Bàbá Músílíù ti fọwọ́ sí tiwọn, wọ́n sì ní orúkọ yín ni kí ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí a pè yín lójú ẹsẹ̀, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ilẹ̀kùn tí ẹ̀gbọ́n tì, àbúrò kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ọjọ́ ń lọ, Bàbá mi, ẹ̀yin méjèèjì sì ti di àgbà. Ẹ pè wọ́n. Nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ Fọlákẹ́. Ọmọbìnrin wọn sọ fún mi lánàá pé láti ọjọ́ tí mo ti lọ, wọn kì í jẹ́ kí fóònù jìnnà sí àwọn. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, òun ni wọ́n ń gbé e fún, wọ́n a sì kìlọ̀ fún un pé bí ó bá dún, kí ó má jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá dúró.

Ẹ̀mí yín yóò gùn nínú àlàáfíà. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ̀ yín, etí yín yóò máa gbọ́ ohun ayọ̀. Màmá, ẹ ó jèrè gbogbo wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ní agboolé, ẹ sọ fún wọn pé ara mi le, ọkàn mi sì balẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Oyèníyì