Bàámi, Wọ́n Da Omi Àdúrà Sórí Àwọn Sójà Mi

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú pé n kò kọ́kọ́ kí yín dáadáa. Inú ló ń bí mi, kò sì sí ẹni tí mo lè fẹjọ́ sùn tí kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ṣì ń kun èékánná fún àwọn ọmọbìnrin yunifásítì ní Ìbà, ìyẹn ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ papò dà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kun nǹkan mìíràn: àwọn sójà oníke tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ, àti táǹkì àti mọ́tò ogun tó lè jókòó sí àtẹ́lẹwọ́. Káyọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Álábà, ló ní ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike láti fi mọ wọ́n. Tó bá di Sátidé, a ó tò wọ́n sórí tábìlì gbọọrọ nílé rẹ̀ ní Okokomaiko, a ó fi páálí ṣe ilé, a ó fi yẹ̀pẹ̀ ṣe títì, a ó máa ju dáìsì bíi ti lúdò, ikọ̀ kan á máa lé ìkejì. Eré àgbà ni, Bàámi. Ó ń gba ọgbọ́n.

Ẹ̀yin náà wa mọ́tò ogun fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí ẹ ṣe sójà, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi rí. Tí mo bá ti bi yín, ẹ ó bọ́ gíláàsì ojú yín, ẹ ó máa fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, títí ọ̀rọ̀ á fi kú. Irú àwọ̀ ewé wo ni mọ́tò náà ní? Ṣé èyí tó dúdú ni, àbí èyí tí oòrùn àti eruku ti pa láwọ̀ dà? Mo po ọ̀dà títí apá fi ń ro mí. Mo máa ń wò ó, mà á ní kò jọ ọ́, bẹ́ẹ̀ n kò mọ ohun tó yẹ kó jọ. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?

Nígbà tó yá, mo kun awakọ̀ kan tó yọrí jáde láti inú mọ́tò náà. Ẹ̀yin ni. Búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń ya òdòdó sórí èékánná ni mo fi ya ilà ojú yín, mo sì ya irunmú yín tó ń funfun. Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ṣe é. Nígbà tó dára tán, mo tò ó pẹ̀lú àwọn yòókù sórí pákó kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn, mo sì sáré lọ ra gaàrí.

Ìyá Ṣeun, onílé mi, tí wọ́n jẹ́ àgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun, ló kọjá níbẹ̀. Wọ́n rí àwọn èèyàn wẹ́wẹ́ tó lajú sílẹ̀, tí ọ̀kan dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa láyà. Nígbà tí mo fi dé, wọ́n ti da odindi ìgò omi àdúrà lé wọn lórí.

“Àwọn ọmọ ta lo sọ di ọmọláńgidi yìí?”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, eré ni. Sójà ìṣeré ni.”

“Eré? Eré tó kọlà?”

Ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò ni, n kò sì tíì fi fánísì bò ó. Ojú yín ṣàn wá sí ọrùn yín, Bàámi. Mo sunkún, ẹkún ìbínú ni. Ìyá Ṣeun ní kí n kẹ́rù mi, àfi tí àgbà ilé wa kan bá wá ṣàlàyé.

Mo pe Màámi ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Mo rò pé wọ́n á dé, wọ́n á gbèjà mi. Wọn kò dá sí èmi, wọn kò dá sí onílé. Wọ́n jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó lé, wọ́n mú awakọ̀ náà.

“Ta nìyí?”

“Bàámi ni, Mà.”

Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú.

“Orí bàbá rẹ tóbi jù báyìí lọ. Kò sí fìlà ogun tó bá a mu rí.” Wọ́n wá kọjú sí onílé. “Ìyá Ṣeun, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọkọ mi ni. Kò ní pa ẹnikẹ́ni lára nínú ilé yìí.”

Ìyá Ṣeun wo Màámi, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n ṣáà máa kó wọn sínú yàrá. Mo rò pé wàhálà ti tán. Àfi bí Màámi ṣe fi áńkáṣíìfù wé yín, tí wọ́n sọ yín sínú báàgì. Mo bẹ̀ wọ́n pé mo nílò yín ní Sátidé.

“Lọ wá òmíràn kùn. Èyí, tèmi ni.”

Bí mo ṣe gbé mọ́tò tó ní ihò lórí lọ síbi eré nìyẹn. Fẹ́mi, ọmọ Navy Town tí mo fẹ́ nà nínú eré náà, bú sẹ́rìn-ín. “Mọ́tò tí kò ní dẹ́rẹ́bà, ṣé iwin ló ń wà á?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó nà mí dáadáa, mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, n kò kí ẹnikẹ́ni kí n tó lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Màámi pè mí. Wọn kò tọrọ àforíjì o. Wọ́n ní òun ti gbé yín ka orí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ dá nìkan wà, kí n ṣe òun náà sí i. Wọ́n ní òun dúró dè yín ní géètì bárékè lọ́jọ́ tí ẹ ti ogun dé, pé ẹ yọrí láti inú mọ́tò, ẹ ń wá òun kiri láàárín èrò. N kò gbọ́ èyí rí. Èyí náà, ẹ kò sọ ọ́.

Mo bi Káyọ̀dé. Nínú gbogbo àwòṣe ogun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀, kò sí ìyàwó kankan tó ń dúró de ọkọ. Mo wá ń gé ìbọn kúrò lọ́wọ́ sójà kí n lè sọ ọ́ di Màámi. Apá rẹ̀ ń kán. Gúlúù ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá sì béèrè àwọ̀ ìró tí wọ́n ró lọ́jọ́ náà, láàárọ̀ wọ́n á ní búlúù ni, tó bá dalẹ́ wọ́n á ní pupa ni. Ó ti sú mi.

Bàámi, ẹ̀yin lẹ rí Màámi láti òkè mọ́tò. Irú ìró wo ni? Èmi gan-an wà níbẹ̀, wọ́n ní èmi ni wọ́n pọ̀n sẹ́yìn, ṣùgbọ́n oorun ni mò ń sùn.

Èmi ni ọmọ yín, tí inú ṣì ń bí, tí ìfẹ́ yín kò sì jẹ́ kó gbádùn ìbínú náà.