Verna Fẹ́ Ṣe Òjìji Nọ́ọ̀sì Glenna

Verna Kay ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni ìlú ńlá ń gbé ọ? Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀, àbí kọfí náà lo ṣì ń fi tan inú jẹ? Èmi wà, ilé wà, òkè méjèèjì tó há wa sáàárín ṣì wà níbi tí o fi wọ́n sí. Ọlọ́run tó ń mú mi jáde láàyè nínú ihò èédú ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kò ní jẹ́ kí o sọnù sí Cincinnati, kò ní jẹ́ kí o fi ẹkún ṣe iṣẹ́ jẹ. Àmín.

Ìkúukùu ti bo wa mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Láàárọ̀ n kì í rí odò, mo kàn ń gbọ́ ọ ni, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì. Ẹ̀wà ti so, adìẹ ń yé, Ìyá Delphia òkè odò ṣì ń bú ajá mi bí ẹni pé òun ló bí i. Ọ̀rọ̀ tí o kọ ránṣẹ́ bá mi lórí òkè níbi tí fóònù ti ń rí atẹ́gùn mí. Mo nà án sókè sí ojú ọ̀run kí ó lè gba gbogbo rẹ̀ tán, torí ọ̀rọ̀ gígùn máa ń pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀. O ní iṣẹ́ rẹ ti sú ọ, pé kí èèyàn máa jókòó ti fóònù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó máa sọ fún àwọn aláìsàn pé ilé iṣẹ́ adójútòfò kò ní sanwó ìtọ́jú wọn, ọkàn rẹ kò gbà á mọ́. O ní o fẹ́ padà sí ilé ìwé kí o di irú nọ́ọ̀sì tí Glenna ilé ìwòsàn abúlé wa jẹ́, èyí tó kàwé kọjá nọ́ọ̀sì, tó ń yẹ èèyàn wò, tó ń kọ oògùn fúnni, síbẹ̀ tí kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n kí o tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, o fẹ́ kọ́kọ́ ṣe òjìji Glenna ná, kí n bá ọ bẹ̀ ẹ́, torí àwọn ti ìlú ńlá kò dá ọ lóhùn.

Ọmọ mi, mo ka òjìji yẹn léraléra, mo wá jókòó sórí òkúta. Mo ní ọmọ tí mo bí, tí mo fi ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo bọ́ títí ara rẹ̀ fi kún, òun ló fẹ́ di òjìji yìí? Ìwọ náà sì mọ̀ pé oòrùn kì í tètè gun òkè wá sọ́dọ̀ wa, kò sì ní pẹ́ kó tó gba òkè kejì lọ. Òjìji kì í jèrè lábúlé wa. Síbẹ̀, torí pé ìwọ lo bẹ̀ mí, mo lọ dúró síwájú ilé ìwòsàn kí n lè kọ́kọ́ wo èyí tí Glenna ní tẹ́lẹ̀. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, oòrùn yọ díẹ̀ láàárín ìkúukùu, mo sì rí òjìji rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé àpò lọ́wọ́, ó ṣáájú rẹ̀ wọlé. Mo dúró síbẹ̀ títí ìkúukùu fi padà bo gbogbo ilẹ̀. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ìwọ ni mo rí, pé o ti wà nílé tipẹ́, èmi ni n kò mọ̀.

Mo wọlé, mo ṣí fìlà, mo sọ fún Glenna pé ọmọ mi ń wá ipò òjìji, pé mo rí i pé ó ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n kó jọ̀wọ́ kó fi ìkejì kún un, àti pé níbo ni yóò máa fi ọ́ sí lọ́jọ́ òjò? Glenna rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní Bàbá Hobert, ẹ má pa mí o. Ó ní kò ju pé kí o máa tẹ̀ lé òun lẹ́yìn, kí o máa wò, kí o má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Mo ní ṣé ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn! Bí àwa náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú ihò èédú nìyẹn, akoto pupa ni wọ́n ń fi dé ẹni tuntun lórí, a ó máa tẹ̀ lé àgbà kiri, a ó máa wo ibi tó ń fọwọ́ kàn lókè kí a lè mọ ibi tó fẹ́ wó. Mo bi í bóyá kí n wá akoto pupa kan fún ọ, kí aláìsàn má baà ṣèèṣì tọrọ oògùn lọ́wọ́ rẹ. Ó ní káàdì orúkọ tó. Ó ní òun gbà, kí o wá ní Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn náà gbọ́dọ̀ gbà.

Èmi ní ìyẹn kò le. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn orin, mo dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní gbogbo ẹni tó bá ń ṣàìsàn ní Ọjọ́bọ̀, tí kò bá fẹ́ kí Verna mi wo òun, kó nawọ́. Ìyá Delphia ní òun gbà, ṣùgbọ́n láti orúnkún lọ sísàlẹ̀ ni o. Arlis nawọ́ kíákíá, ni gbogbo ìjọ bá mọ̀ pé àìsàn Arlis kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Glenna ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní ṣé ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni, Bàbá? Ó ní ọ̀rọ̀ tó bá wọ inú ilé ìwòsàn òun kì í jáde, ẹ̀yin wá lọ gbé e sórí pẹpẹ! Ó ní bó bá ṣe báyìí ni, òun kò ní lè gbà ọ́ mọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní èmi ni mo ṣẹ̀, kó má fi ti bàbá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ó dáa, òun fúnra òun ni yóò máa bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ní kọ̀rọ̀. Ó wá ní, Ọjọ́bọ̀ kan náà sì ni ọjọ́ àyẹ̀wò tiyín, Bàbá Hobert, ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ gbà kí Verna wà níbẹ̀?

Èmi tí mo ti da gbogbo ìjọ láàmú, èmi náà ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Verna, ikọ́ tí o ń gbọ́ lórí fóònù, tí mo ní ìkúukùu ló fà á, kì í ṣe ìkúukùu. Èédú ni. Ó ti jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró mi, kò sì fẹ́ dìde mọ́. Glenna ló ń fi okùn etí tó ń gbé lé mi láyà gbọ́ ọ. N kò sọ fún ọ torí ẹ̀rù bà mí, mo mọ̀ ọ́, o máa fi ohun gbogbo sílẹ̀ wá jókòó tì mí. Mo jókòó sí fàráńdà títí ìkúukùu fi ká, mo rí àwọn igi lẹ́yìn odò bí wọ́n ṣe ń yọ níkọ̀ọ̀kan, mo sì rò ó pé bí mo bá ní rárá, rárá tèmi kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń fi ẹnu rẹ sọ fún àwọn aláìsàn lórí fóònù. Mo dìde lọ bá a, mo ní mo gbà.

Nítorí náà máa bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Glenna ní òjìji kì í fọwọ́ kan èèyàn, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí o fi okùn etí náà gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní kò burú bí ẹni tó ni àyà bá ti gbà. Gbọ́ ọ dáadáa. Bí o bá gbọ́ ọ tán tí o ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà, a jẹ́ pé tìrẹ ni. Bí o bá fẹ́ sá, máa lọ, n kò ní bínú. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí o torí mi di nọ́ọ̀sì.

Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ kí n ra síńgílẹ́ẹ̀tì tuntun. Èyí tí mo ní ti ya lábẹ́ apá, n kò sì ní bọ́ṣọ níwájú rẹ kí n dójú tì ọ́ lọ́jọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀nà yóò là fún ọ, òkè kò ní dí ọ lójú, ọwọ́ tí o bá gbé lé aláìsàn, àlàáfíà ni yóò bá a.

Èmi ni,
Hobert Sizemore, bàbá rẹ,
aláìsàn rẹ àkọ́kọ́.