Fídíò Tí Mi Ò Ní Yọ

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Mi ò ní yọ fídíò náà kúrò.

Tómi, ọmọ ọmọ mi, ló ya mí níbi tí mo ti ń jó orin ayé ọjọ́un ní pálọ̀, tó sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ìsìn lónìí, Àǹtí Dúpẹ́, olórí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ń ju ìdí báyìí? Yọ ọ́ kúrò, àbí kí o fi ipò sílẹ̀."

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ wo ẹsẹ̀ mi dáadáa. Ta ló kọ́ mi?"

Àwọn fúnra wọn ló kọ́ mi, lọ́sẹ̀ tí àwa méjèèjì kó dé Festac ní Èkó, tí àga kankan ò tíì sí ní pálọ̀ wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, kí ìdí tó tẹ̀lé e.

"Ìgbà yẹn ti lọ," ni wọ́n wá wí.

Eékún mi ló ń lọ. Ìgbà yẹn ṣì wà. Kí wọ́n gba ipò wọn bó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n títí wọn ó fi gbà á, akọ̀wé ṣì ni mí, n kì í sì í fi orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ pamọ́. Mo ti ní kí Tómi kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà: Àǹtí Dúpẹ́ ló kọ́ Màmá ní ijó yìí.