Aṣọ Pupa Tí Mo So Mọ́ Alùpùpù Ọlálékan

Ilé Àdìsá Oníkẹ̀kẹ́,
Okokomáìkò, Òjó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Júláì, 1957.

Adébímpé, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀. Ṣé àlàáfíà ni o wà l'Abẹ́òkúta, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ara tiwa le, a dúpẹ́. Mojísọ́lá ìyàwó mi ní kí n kí ọ. A jẹ Iléyá láyọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, ọ̀rọ̀ Ọlálékan ọmọ rẹ sì ni.

O rántí bí a ṣe máa ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje lẹ́yìn Iléyá, méjì méjì, láti ìyànà Ìbà dé Okokomáìkò, lójú títì gbọọrọ tí kò ní kọ́nà. Ẹni tó bá gbẹ́yìn ni yóò gbé kẹ̀kẹ́ ẹni tó borí sórí wọ ìlú, àwọn obìnrin á sì máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Èmi tí mo ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni mo máa ń yẹ̀ wọ́n wò. Èyí tí mo bá so aṣọ pupa mọ́ lọ́wọ́ nìkan ló lè sáré. O mọ̀ pé mi ò kì í wojú ẹnikẹ́ni. Mo lé àna wa padà lọ́dún kan nítorí ṣéènì tó dẹ̀.

Ìyẹn ti di ìtàn. Alùpùpù ló gbòde báyìí, ta ló tún fẹ́ wo ẹni tó ń làágùn lórí kẹ̀kẹ́? Àwọn ọmọ Ẹ̀búté Mẹ́ta tí a ò mọ bàbá wọn náà ń wá. Wọ́n ń tú bíréèkì iwájú dànù kí ó lè fúyẹ́! Ta ló sì lè gbé alùpùpù sórí? Ẹni tó bá fìdí rẹmi kàn ń da eruku sí wa lójú lọ sílé rẹ̀ ni, kò kí àgbà.

Ọlálékan ra tirẹ̀ lóṣù kẹrin, àlòkù ni. Mo bínú, mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó ní òun àti Owólabí ará Ìbà ni yóò jọ sáré lọ́jọ́ Sátidé. N kò kọ̀wé sí ọ nítorí pé èmi lo fà á lé lọ́wọ́, ojú ń tì mí.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n gbé alùpùpù méjèèjì wá bá mi bí ìṣe wa. Inú mi dùn pé wọ́n ṣì ka àgbà sí. Mo gbé ẹ̀yìn wọn nílẹ̀, mo yí táyà, mo tẹ ṣéènì. Gbogbo ohun tí mo ń ṣe fún kẹ̀kẹ́ ni mo ṣe. Ti ẹ́ńjìnnì, mo kàn tẹjú mọ́ ọn ni, n kò mọ orí n kò mọ ìdí rẹ̀. Èrò ń wò mí. Mo ní, "Ó pé," mo sì so aṣọ pupa mọ́ méjèèjì.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí pé bí nǹkan bá ṣe ọmọ rẹ, èmi ni mo ní kó máa lọ. Nígbà tó di Sátidé, tí wọ́n ti dúró sójú ìlà, mo bọ́ sáàárín títì, mo tú aṣọ náà. Mo ní, "Ẹ dákun, irọ́ ni mo pa. Mi ò mọ alùpùpù yẹ̀ wò." Adébímpé, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín! Ẹnì kan ní kí n lọ máa lẹ táyà kẹ̀kẹ́. Owólabí ti alùpùpù tirẹ̀ kúrò lójú títì. Ọlálékan ní, "Bàbá, ẹ dójú tì mí láàárín ẹgbẹ́ mi." Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná.

Mo ti ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Àpápá tó mọ ẹ́ńjìnnì, yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù yìí. Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí ọmọ rẹ kó má gùn ún títí di ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ tìrẹ ló lè wọ̀ ọ́ létí.

Ọlọ́run yóò dá ọmọ wa sí, kò ní fi ọmọ dán wa wò. Ẹsẹ̀ rẹ yóò san, wàá jẹ oúnjẹ ọmọ pẹ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àdìsá.

Àfikún: Mo fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa ni Mojísọ́lá sáré wọlé. Ọlálékan ti di ẹrù rẹ̀, ó ní ọ̀dọ̀ rẹ lòun ń lọ l'Abẹ́òkúta, kí ìyá òun wá dá ẹjọ́ àwa méjèèjì. Alùpùpù náà ló gùn. Mo sáré jáde, mi ò bá a. Mo fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ lọ́rí kan tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún nísinsìnyí, ọmọ rẹ ló sì yẹ kó dé ṣáájú rẹ̀. Bí kò bá tíì dé, àbúrò mi, má tíì sunkún. Mo ti gbé kẹ̀kẹ́ mi, mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mò ń wo ẹ̀gbẹ́ títì lọ́tùn-ún lósì.