Kọ́kọ́rọ́ Tẹlifíṣọ̀n Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Gbogbo ọ̀nà tí ò ń gbà lójoojúmọ́, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o pàdé aburú níbẹ̀. Ara èmi le bí ẹni pé n kò tíì dàgbà, orúnkún nìkan ló ń rán mi létí. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má kọ ìwé gígùn nítorí pé o níṣẹ́ lọ́wọ́. N kò ní gbọ́ tirẹ̀.

Fòónù tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Mo ti wá àyè fún un lórí tábìlì, mo fi aṣọ funfun bò ó nítorí eruku, bí a ti ń ṣe fún rédíò láyé ọjọ́un, bí mo bá sì tàn án, mo máa ń dúró díẹ̀ kí inú rẹ̀ kọ́kọ́ gbóná. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó béèrè bóyá mo gba àdéhùn kan. O mọ̀ pé akọ̀wé ilé iṣẹ́ omi ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, n kì í tọwọ́ bọ ohun tí n kò kà. Mo wọ awò ojú, mo ń kà á láàárọ̀, mo ń kà á nírọ̀lẹ́, ìwé náà kò lópin. Nígbẹ̀yìn, obìnrin tó ń ta káàdì fòónù ló bá mi tẹ̀ ẹ́, mo sì sọ fún fòónù náà pé obìnrin yìí ló gbà o, kì í ṣe èmi. Ohun mìíràn tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ará inú rẹ̀ kì í lọ sílé. Mo ń dúró kí wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, kí wọ́n ní ó dàárọ̀, kí èmi náà lè lọ sùn. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé ìyàwó wọn kì í bá wọn jà ni?

Láyé ọjọ́un, gbogbo nǹkan ló ní àkókò tirẹ̀. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò bá wúkọ́ láàárọ̀, gbogbo àdúgbò á máa bá a ṣàníyàn títí dọ̀la. Ọkọ̀ sinimá á dé, wọn á ta aṣọ funfun sáàárín igi méjì, àwa tí a pẹ́ dé á jókòó sẹ́yìn aṣọ, a ó máa wo àwọn òṣèré tí gbogbo wọn ń fi ọwọ́ òsì jẹun. Ó ṣì dùn.

Ní 1964 ni mo ra tẹlifíṣọ̀n, àkọ́kọ́ ládùúgbò. Ó tóbi bí àpótí aṣọ, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó sì ní ilẹ̀kùn méjì níwájú tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Onígbàjámọ̀ á gbé àga tirẹ̀ wá, ìyá oníbúrẹ́dì á kó ọmọ wá, àwọn tí kò ráàyè á dúró lójú fèrèsé níta. Ìyá tó bí ìyá rẹ kì í wò ó láìwé gèlè. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá ti ní ẹ káalẹ́, màmá á dá a lóhùn, á bi í bóyá ó ti jẹun. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkùnrin yẹn kò rí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí o pè wá, èmi rò pé àwòrán rẹ lásán ni mo ń wò, àṣé o rí mi nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti ya. Kí màmá foríjì mí níbi tó wà.

O ti gbọ́ nípa Tẹ́ẹ́rẹ́, àbúrò ìyá rẹ ọkùnrin tó kọ́ iṣẹ́ télọ̀, tí gbogbo ẹbí ní o jọ bí ẹni pé òun ló bí ọ. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n fẹ́ fi Tẹ́ẹ́rẹ́ hàn nínú eré lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìránṣẹ́ ọba ni wọ́n fi í ṣe, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ti ròyìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ wá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló fi áyọ̀ọ̀nù jó ṣẹ́ẹ̀tì mi. Inú bí mi. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo ti ilẹ̀kùn tẹlifíṣọ̀n, mo sọ kọ́kọ́rọ́ sápò, mo gba ìdí dráfù lọ lábẹ́ òpó iná. Ó bẹ̀ mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní kó lọ wo ṣẹ́ẹ̀tì, pé àwòrán wà lára òun náà.

Ibi tí a ti ń tan án wà lára ẹ̀gbẹ́ àpótí, ilẹ̀kùn kò bò ó, ìyá rẹ sì tàn án. Nígbà tí mo padà dé, mo bá gbogbo àdúgbò ní pálọ̀, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń wo pákó. Ohùn Tẹ́ẹ́rẹ́ ń ti inú pákó jáde. Onígbàjámọ̀ kò tilẹ̀ kí mi. Eré kò tíì parí, mo lè ṣí i, n kò ṣí i. Ojú ló ń tì mí, mo wá ń pè é ní ìdúróṣinṣin.

Kí òjò ọdún náà tó dá, ibà ti mú Tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ìyá rẹ kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí obìnrin oníkáàdì ní kò sí ohun tí wọ́n ṣe rí lórí tẹlifíṣọ̀n tí kò sí nínú fòónù. Mo fara balẹ̀, mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀wọ́, eré Ọjọ́bọ̀ tí Tẹ́ẹ́rẹ́ ti ṣe ìránṣẹ́ ọba. Ó gbé ọkùnrin kan tó ń ta tìmùtìmù jáde. Mo tún bẹ̀ ẹ́, ó tún gbé e jáde. Ìwọ náà wá sọ fún mi pé wọn kì í sábà tọ́jú eré ìgbà náà, pé bí wọ́n bá ti ṣe é tán, ó tán nìyẹn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, ìyá rẹ ń fọ abọ́, mo gbọ́ tí ó ń dá sọ̀rọ̀. Mo tẹ́tí. Ọ̀rọ̀ Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi tó ti dákẹ́ díẹ̀ kó tó kí ọba. Etí rẹ̀ ti tọ́jú gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo fi eré náà dù.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Àpótí náà ṣì wà ní pálọ̀, abọ́ àlejò ni a ń kó sínú rẹ̀. Màá kó abọ́ kúrò, káfíńtà á yọ ẹ̀yìn rẹ̀. Wá sílé, ọmọ mi. Màá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà. Mo ń há a sórí bí ìyá rẹ ti ń fọ abọ́, ó sì ti ń bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń fi abọ́ mẹ́ta jẹun. Ìwọ á kúnlẹ̀ sẹ́yìn àpótí, wàá yọ ojú sínú rẹ̀, a ó wá ṣí ilẹ̀kùn. Àga mi ni ìyá rẹ máa jókòó lé. Èmi á dúró lójú fèrèsé níta.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, fún káfíńtà àti fún dátà tí wọ́n ní ó ti tán, tí n kò mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Ọ̀dọ̀ obìnrin oníkáàdì ni kí o fi í ránṣẹ́ sí. N kò fẹ́ ti ẹ̀rọ báǹkì tó ń pọ owó lára ògiri, ó bi mí ní nọ́ńbà àṣírí mi lójú gbogbo èèyàn, kò sì kọ́kọ́ kí mi.

Àwọn ọmọ rẹ á rí ojú rẹ pẹ́. Ohun rere tí ojú rẹ ń wá, a kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mo di kọ́kọ́rọ́ náà sínú ìwé yìí. Ọwọ́ rẹ ni kó wà títí o ó fi dé. Mo ti darúgbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi: bí ṣẹ́ẹ̀tì kan bá tún jó lọ́jọ́ náà, n kò fẹ́ kó wà lápò mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.