Ìkòkò Iṣu Tó Ṣófo

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Kò tíì sí ọ̀jẹun bí èmi láti Ọ̀wọ̀ títí dé Imoru. Lónìí, èmi nìkan jẹ odidi ìkòkò iṣu tó lè bọ́ gbogbo ọlọ́kadà ìlú yìí, mi ò sì mu omi sí i.

Ohun tí mo sọ fún Mọ́mì nìyẹn nígbà tí wọ́n ṣí ìkòkò.

"Ṣé ikùn tìẹ ò nísàlẹ̀ ni, wọ̀bìà?"

"Ẹ má bínú, Mọ́mì, ọmọ tó ń dàgbà ni mí."

Dádì ń wo ògiri. Àtọ̀gbẹ ti gba ìka ẹsẹ̀ wọn kan. Dókítà ní ìránṣẹ́ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, ínsúlíìnì, tó yẹ kó sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti tó, kí adùn rẹ̀ lè dínkù lẹ́nu. Ọpọlọ Dádì kì í gbọ́ ọ mọ́. Mọ́mì ní ojúkòkòrò lásán ni.

Nígbà tí Mọ́mì wọn ṣúgà Dádì nírọ̀lẹ́, ó ti ga gan-an. Wọ́n ní oògùn ò ṣiṣẹ́ mọ́, kí dókítà fi kún un lọ́la. Bí wọ́n bá fi kún un báyìí... Lọ́jọ́ tí ṣúgà náà lọ sílẹ̀ jù, Dádì ò dá mi mọ̀.

Mọ́mì jáde, Dádì rọra sọ pé, "Mo yó, ọmọ mi. Orí mi ni ò gbọ́."

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ iṣu náà fún Mọ́mì kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la.

Ìkòkò yẹn tóbi lóòótọ́. Ẹni tó jẹ ẹ́ gan-an ni mo parọ́ nípa rẹ̀. Ebi ń pa mí.