Ẹ Má Jẹ́ Kí Màmá Tú Gèlè

Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín oògùn ẹ̀fọn sí yàrá. Àwọn ilé òwú tí kòkòrò hun bo ara, tí mo ṣà nínú igbó, ti ń bẹ́ nínú páálí fìlà yín, ẹ má bínú. Kòkòrò mẹ́ta jáde láàárọ̀, mo fi ilà ìyẹ́ wọn dá irú wọn mọ̀. Ẹ̀kẹrin, tí mi ò rí irú ẹ̀ rí, fò lọ bà lé gèlè Màmá yín. Màmá rí ìyẹ́ bí àwọ̀n lórí ara wọn nínú dígí, ni wọ́n bá pariwo, “Áńgẹ́lì mi dé!” Wọ́n sì gbé e lórí gèlè jáde lọ fi han ọ̀rẹ́ wọn. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé kòkòrò ni. Mo ti mú ìgò tí màá fi dé e mọ́ sá tẹ̀lé wọn. Bí wọ́n bá ṣáájú mi délé, ẹ yáa dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọdọ̀ tú gèlè, kó má baà fò lọ kí n tó dé.